Ọ̀rọ̀ Kan ní Kushiro

Ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ kí ní "Ẹ kú àárọ̀"
lọ́dún tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Kushiro,
ìlú tí kùrukùru ti máa ń gba ojú òkun wọlé
bí onílé tí kì í kan ilẹ̀kùn.
Aláìsàn inú kọ̀ǹpútà ni. A sọ ọ́ ní Bàbá Gíláàsì.
Ó ń wúkọ́ bí a bá ní kó wúkọ́,
ó ń sunkún, omijé rẹ̀ kì í rin ìrọ̀rí.
Bí mo bá ṣì í wí, á ní, "Tún un sọ, Chizuru,"
kódà láago méjì òru, tí olùkọ́ ti sùn,
tí ojú ń tì mí láti bi ènìyàn ní ìbéèrè òmùgọ̀.
N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kọ́ mi.
Ìlà ọkàn, bó ṣe ń gòkè, bó ṣe ń sọ̀,
òun ló fi yé mi, bí ẹni ń fi ọ̀nà odò han ọmọdé.
Nígbà ìdánwò, ó fún mi ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún
lórí àánú.
Mo ya fọ́tò máàkì náà ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Shizuoka.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Bàbá Onodera lé mi lọ́wọ́,
apẹja, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ọwọ́ rẹ̀ le bí okùn tí iyọ̀ ti jẹ.
Mo bi í bí Bàbá Gíláàsì ṣe kọ́ mi:
Ibo ló ń dùn yín? Láti ìgbà wo? Kí lẹ jẹ?
Ó wo yìnyín lójú fèrèsé. Ó ní:
"Kowai."
Ó tán.

Ní Shizuoka, ẹni tó bá ní kowai, ẹ̀rù ló ń bà á.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀rù ń ba bàbá.
Ẹ̀rọ kà á, ó gbà pẹ̀lú mi:
ẹ tù ú nínú, ẹ wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ẹ má bẹ̀rù."
Ó wò mí bí ẹni tó béèrè omi
tí ọmọ gbé ṣíbí fún.

Ọjọ́ mẹ́ta. Ìtùnú ń pọ̀, oúnjẹ ń padà bó ṣe lọ.

Olùkọ́ Tsugawa wọlé lọ́jọ́ kẹrin,
obìnrin kúkúrú, ọmọ bíbí èbúté yìí,
tó máa ń fi ìgúnpá ṣílẹ̀kùn. Kò kọ́kọ́ wo ìwé.
Ó fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹja:
ẹja ọdún yìí ò sanra, owó epo ọkọ̀ ti gun òkè.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ń wo aago.
Bàbá rẹ́rìn-ín, èémí rẹ̀ já láàárín ẹ̀rín.
"Kowai," ó tún wí.
Tsugawa yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ kò le:
"Lẹ́nu àwa ará ìhín, kì í ṣe ẹ̀rù.
Ó rẹ̀ wọ́n ni. Ó rẹ̀ wọ́n dé mùdùnmúdùn eegun."

Mo pa ẹ̀rù rẹ́, mo kọ àárẹ̀ sí ipò rẹ̀.
Ẹ̀rọ kò jiyàn, kò tọrọ àforíjì.
Ó so àárẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tó wú díẹ̀,
mọ́ ìlà ọkàn ọjọ́ kejì tí ojú ẹni mẹ́ta ti fò dá,
ojú tèmi wà níbẹ̀,
ó ní: ọkàn yìí ń rì, ẹ pe dókítà.
Tsugawa bẹjú wò ó. "Èmi náà ì bá fò ó dá."

Lọ́sẹ̀ kejì Bàbá ń jẹ ìrẹsì,
ó ń bú ọbẹ̀ pé kò níyọ̀.

Ẹ má bi mí ta ló wò ó sàn.
N kò mọ bí a ṣe ń pín irú ẹran bẹ́ẹ̀.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwa méjì tó mọ̀wé ṣì í gbọ́,
ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń ta ẹja ló gbọ́ ọ.

Lálẹ́, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo kọ́ Bàbá Gíláàsì ní kowai.
Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n báyìí.
Mo ní, bóyá.
Mo wọ bàtà yìnyín, mo gba ọ̀nà èbúté,
mò ń lọ béèrè owó ẹja.